Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Yọ Nínú Àtẹ Mi

Ọkọ ọmọ ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ wa kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tó lẹ́wà àti ohun tó wúlò. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ kí n tó sọ ohun mìíràn.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀ka méjì. Ọ̀kan wà ní Ìkòròdú níbí, kò jìnnà sí Gáréèjì. Èkejì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá a sílẹ̀, Mọ́mì sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mọ́mì kò rí olùkọ́ tó máa tó ẹ̀ka méjèèjì gbà, nítorí náà àwa bíi mẹ́fà wà tí a ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, tí a tún ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Bí èèyàn bá wà ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Ajé, ó lè jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni yóò wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ìkòròdú gba Ìmọ̀tà lọ sí Ìtóìkín, kó tó wá dé Ẹ̀pẹ́, á mọ̀ pé kò sí bí olùkọ́ ṣe lè ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Èmi ni mò ń ṣe táímùtébù, ìyẹn àtẹ tó ń sọ olùkọ́ tó máa wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó máa wọ̀ ọ́ àti aago tó máa wọ̀ ọ́. Kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, igbákejì ọ̀gá àgbà ló ń fi pẹ́ńsù àti rọ́bà ṣe é lórí páálí ńlá kan. Ìgbàkígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, ẹ óò rí olùkọ́ méjì tí wọ́n ń du ẹnu ọ̀nà kíláàsì kan, tí kíláàsì kẹta sí i á sì máa pariwo láìsí olùkọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó kàwé gboyè lè ṣe àṣìṣe kan náà lọ́dọọdún, kó sì máa pè é ní ìrírí.

Mo wá lo ìsinmi gígùn méjì gbáko. Mò ń fi fóònù ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mò ń dán an wò, ó ń bàjẹ́, mo tún ń bẹ̀rẹ̀, títí mo fi kọ́ àtẹ náà sínú láptọ́ọ̀pù ilé-ẹ̀kọ́. Ṣíìtì la máa ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: ìlà lóròó, ìlà ní ìbú, àpótí kéékèèké láàrin wọn. Mo ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún Ìkòròdú, mo ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá tẹ àpótí kan, orúkọ àwọn olùkọ́ á já wálẹ̀ kí n mú èyí tí mo fẹ́, kò sí pé mo ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ. Bí mo bá fi olùkọ́ kan sí Ìkòròdú lọ́jọ́ tí mo ti fi í sí Ẹ̀pẹ́, àpótí méjèèjì á di pupa fòò lójú ẹsẹ̀. Lókè pátápátá, mo ṣe bọ́tìnnì kan, mo kọ “Yẹ̀ ẹ́ wò” sí i lára. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á yẹ ojú-ewé méjèèjì wò látòkè délẹ̀, á sì to gbogbo ibi tí iṣẹ́ ti forí gbárí sílẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo fi àtẹ yẹn yangàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń wá A kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Mo máa ń wò wọ́n, inú mi á máa dùn pé n kò jọ wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí bí àtẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ Yorùbá wa ni. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n ti ṣe olùkọ́ ìjọba fẹ̀yìn tì kí Mọ́mì tó bẹ̀ wọ́n wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni wọ́n ń gbé nítorí ìyàwó wọn tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Bàbá là ń pè wọ́n. Eékún ọ̀tún ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí n fi orúkọ àwọn síbi méjì lọ́jọ́ kan náà kí àwọn rí i. Mo fi í síbẹ̀, àpótí méjèèjì pọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ó mọ̀ pé n kò ní ìyẹ́ tí mo lè fi fò,” ni wọ́n wí. “O ṣeun, ọmọ mi. O ti gba ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.”

Ọdún tó kọjá ni ọkọ ọmọ Mọ́mì dé láti òkè òkun. N kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Mọ́mì fún un ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ní òun ni yóò máa bójú tó ìgbàlódé. Bí ẹni pé ewúrẹ́ ni ìgbàlódé, tó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa dà á. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n tún ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan àwọn kọ̀ǹpútà wa.

Àwọn tó kó dé kì í ṣe irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò ní ìlú yìí. Ẹ̀yà mìíràn ni, ètò tó ń darí wọn nínú yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n fẹ́lẹ́ bí àwo, wọ́n ń dán bíi fàdákà. Ó pè wá jọ sí yàrá àwọn olùkọ́, ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn bí ẹni ń tu ológbò lójú.

“Ẹ̀yin olùkọ́,” ló wí, “a ti kúrò láyé àtijọ́.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà pẹ̀lú ìka kan ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ó ní kí n mú táímùtébù wá, kí àwọn èèyàn rí i pé kò sóhun tí kọ̀ǹpútà tuntun kò lè ṣí. Mo fún un. Ó ṣí i. Kí ojú-ewé náà tó yọ, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú kọ̀ǹpútà, ìlà bíi mélòó kan. Mo na ọrùn láti kà á. Ó ń sọ pé àwọn nǹkan kan wà nínú fáìlì náà tí òun kò mọ̀, pé òun ti yọ wọ́n kúrò. Mo ka ìlà kìíní, mo ka ìkejì, ó tẹ òkéè, ọ̀rọ̀ náà pòórá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kà á tán,” ni mo wí.

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Àǹtí. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ta ni wọ́n? Kò sọ fún mi. Ó ti yí kọ̀ǹpútà náà sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. “Ẹ wò ó! Kò ha dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí?”

Ó dára lójú, n kò lè sẹ́ ẹ. Lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín. Mo sún mọ́ ọn, mo tẹ àpótí kan. Orúkọ kankan kò já wálẹ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ orúkọ ara mi sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Ajé, mo tún lọ tẹ̀ ẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ajé kan náà. Àpótí méjèèjì ń wò mí, wọ́n funfun báláú. Mo wá bọ́tìnnì mi lọ sókè, kò sí níbẹ̀. Bọ́tìnnì ara kọ̀ǹpútà tí mo máa ń tẹ̀ láti wọnú àpótí kí n lè tún ohun tó wà níbẹ̀ ṣe, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ló pọ̀ sí i. Mo tún un tẹ̀. Ó tún mọ́lẹ̀ sí i.

“Sà,” ni mo wí, “pupa ò yọ mọ́.”

“Pupa wo?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọ tó bá ti ní òye díẹ̀ lórí. Ó mi orí, ó mi orí, ó wá fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀, ó ṣí ibi tí wọ́n to àwọ̀ sí, oríṣiríṣi àwọ̀.

“Pupa nìyí, Àǹtí. Ẹ kàn lè fi ọwọ́ kùn ún sí ibi tó bá wù yín. Àwọ̀ tó wà níbí pọ̀ ju ti ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ lọ.”

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé kò sí ohun tí mo lè sọ tó máa wọlé sí i létí. Ó rò pé àwọ̀ ni mò ń wá. Mò ń wá ẹni tí yóò rí àṣìṣe kí èmi tó rí i, ó ń fún mi ní ọ̀dà.

Mo ṣì gbìyànjú. Mo ní kó jẹ́ ká ra ètò ṣíìtì tí a ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tuntun yìí náà. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ kò sí nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n pé pupa mi á padà, mo sì lè tún bọ́tìnnì mi ṣe. Ó ní kí ló dé tí a óò ra ohun tí ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ. Mo ní kó dá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ṣoṣo padà fún mi, táímùtébù nìkan ni mo máa fi ṣe. Ó ní òun ti kó gbogbo wọn sí ilé ìkẹ́rù, òun sì ti tì í. Ó fi ọwọ́ lu àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́.

“Ẹ máa kọ́ nǹkan tuntun, Àǹtí. Àwọn èèyàn ibí yìí, ohun tí ẹ bá ti mọ̀ náà lẹ máa ń dì mú.”

Àwọn èèyàn ibí yìí. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú ni. Ilé tó ń sùn sí, Ìkòròdú ló wà.

Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ fàdákà náà, mo ń fi ojú ara mi ṣe iṣẹ́ tí pupa ń bá mi ṣe tẹ́lẹ̀. Kò ṣòro tó bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀. Bí mo bá fi ọjọ́ méjì sí i, tí mo tẹ ojú-ewé méjèèjì jáde, tí mo sì fi ìka tọ orúkọ àwa mẹ́fà náà láti àpótí dé àpótí, mo máa rí gbogbo ibi tó bá forí gbárí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé n kò fẹ́ ṣe é. Kí ni mo fẹ́ ṣe é fún? Kí ẹni tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ lè jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kó máa sọ pé kò sóhun tó bàjẹ́?

Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí ti Bàbá. Mo ti fi wọ́n sí Ìkòròdú fún píríọ́dù kìíní àti ìkejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti tún fi wọ́n sí Ẹ̀pẹ́ fún píríọ́dù kẹrin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan náà. Mo rí i kedere. Ọwọ́ mi ti wà lórí àpótí náà láti yí i.

Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Ohun tí mo rò nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò ní rí olùkọ́. Ọ̀gá Ẹ̀pẹ́ á tẹ Ìkòròdú láago. Ariwo á ta. Wọ́n á ṣí ilé ìkẹ́rù. Bàbá kò ní pàdánù nǹkan kan, wọn kò kàn ní lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni. Mo tẹ àtẹ náà jáde, mo fi ti Ìkòròdú sára ògiri, mo fi ti Ẹ̀pẹ́ ránṣẹ́, mo sì lọ sílé, mo lọ jẹun.

Ariwo àkọ́kọ́ ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ibì kan tún wà tí n kò rí rárá. Olùkọ́ kẹ́mísìrì, tó lẹ́nu bí agogo, rí i lọ́jọ́ Ajé pé wọ́n fi òun síbi méjì. Ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà dé ọ́fíìsì. Igbákejì ọ̀gá fa bírò yọ, ó pààrọ̀ píríọ́dù méjì lára ògiri, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Ọkọ ọmọ Mọ́mì ń kọjá lọ, ó ní, “Ẹ rí i? Ohun kékeré ni.” Kò sí ẹni tójú tì. Inú bí mi débi pé ìrèké tí mò ń jẹ korò mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá kò pariwo ní tiwọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo rí wọn tí wọ́n ń kọjá láàrin ọgbà lẹ́yìn píríọ́dù kejì, àpò wọn ní èjìká, wọ́n ń yára, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ díẹ̀. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Gáréèjì. Mo rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì, mo tún rí wọn, ọ̀nà kan náà, aago kan náà. Nígbà yẹn ni mo mọ̀. Wọ́n ti wo ìwé méjèèjì, wọ́n sì ń tẹ̀lé méjèèjì. Wọ́n á kọ́ kíláàsì níbí tán, wọ́n á wọ ọkọ̀ elérò ní Gáréèjì, wọ́n á dúró kó kún, wọ́n á gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n á débẹ̀ nígbà tí píríọ́dù kẹrin bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọ́n á kọ́ àwọn ọmọ ní ìwọ̀nba tó kù.

Mo lè lọ bá wọn. Ó gba ìṣísẹ̀ ogún láti tábìlì mi dé tiwọn. Mò ń dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ síta, kí ọ̀rọ̀ náà lè ti ẹnu àgbà jáde, kí ó lè wúwo lórí ẹni tí mo fẹ́ kí ó wúwo lé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo rí wọn tí wọ́n fi ọ̀rá bo orí gun ọ̀kadà. Mo padà sí ìdí tábìlì mi, mo máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Ní òpin oṣù, wọ́n pe ìpàdé àwọn olùkọ́ ẹ̀ka méjèèjì sí Ìkòròdú, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mọ́mì jókòó níwájú. Ọkọ ọmọ wọn so kọ̀ǹpútà fàdákà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó sì fi àwọn àwòrán róbótó hàn wá, tí wọ́n gé bí ẹ̀là ọsàn, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé. Ẹ̀là kan wà tó pupa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Oṣù kan gbáko ni mo ti ń wá pupa nínú ẹ̀rọ yẹn.

“Pípẹ́ lẹ́yìn ni pupa yìí dúró fún,” ló wí. “Ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹnì kan ṣoṣo ni. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

Ó mú ìwé kan, ó rìn lọ sí ibi tí Bàbá jókòó sí, ó fún wọn lójú gbogbo wa. Kúẹ́rì ni. Ó ní kí wọ́n kọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n jìyà sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ọwọ́ òsì ló fi na ìwé náà sí wọn, nítorí pé ohun tó ń fi yí àwòrán ara ògiri wà ní ọwọ́ ọ̀tún.

Bàbá wo ọwọ́ náà kí wọ́n tó gba ìwé. Wọ́n dìde. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n mú ìwé méjì tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde láti àpò agbádá kékeré tí wọ́n wọ̀, wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì.

“Èyí ni wọ́n fún mi níbí,” ni wọ́n wí. “Èyí ni wọ́n fún mi ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti ń gbìyànjú láti ṣe méjèèjì.”

Mọ́mì na ọwọ́, wọ́n gba ìwé méjèèjì, wọ́n wò wọ́n.

Ọkọ ọmọ wọn ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ sọ fún wa. Ẹ ò sọ.”

“Ìwé lẹ fún mi,” ni Bàbá wí. “Mo rò pé ẹ ti kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.”

Ó yíjú sí mi. “Àǹtí, ta ló ṣe táímùtébù yìí?”

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti oṣù kan. Mo dìde. Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Mo ní, “Èmi ni, sà. Kọ̀ǹpútà yín kò fi hàn mí pé iṣẹ́ forí gbárí. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń fi hàn.” Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: orúkọ tó máa ń já wálẹ̀, àpótí tó máa ń pọ́n, bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ tó jáde tí kò jẹ́ kí n kà tán, ọ̀dà tó fún mi. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀dà, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kẹ́mísìrì rẹ́rìn-ín jù.

Mọ́mì ní kí wọ́n lọ gbé ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ wá. Wọ́n gbé e dé, eruku bò ó. Ó pẹ́ kó tó tàn, gbogbo wa jókòó tì í. Mo ṣí àtẹ mi. Mo fi orúkọ Bàbá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi sí Ẹ̀pẹ́. Àpótí méjèèjì di pupa fòò. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó kọ orúkọ wọn, ọjọ́ náà àti píríọ́dù náà sílẹ̀.

Mọ́mì bi ọkọ ọmọ wọn pé, “Ẹ̀rọ tí a rà yìí, kò mọ èyí í ṣe?”

Ó ní ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, pé ní òkè òkun, àwọn olùkọ́ máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

“Mo bi ọ́ bóyá ó mọ̀ ọ́n í ṣe.”

“Kò mọ̀ ọ́n, Mọ́mì.”

Ẹ má bi mí bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo jókòó, mo ká ẹsẹ̀ lé ara, mo ń wo bó ṣe ń tú okùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí okùn náà ń lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ìpàdé parí, Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró de ọ̀kadà. Mo lọ bá wọn. Mo rò pé wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ ò rí i ni?” ni wọ́n bi mí.

“Kọ̀ǹpútà yẹn ni, sà, kò…”

“N kò bi kọ̀ǹpútà. Ìwọ ni mo bi.”

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń kí wa. A ń dá wọn lóhùn. Mo lè parọ́. Mo wo bàtà wọn, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lára èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

“Mo rí i, sà.”

“Nígbà wo?”

“Kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.”

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. “Kí lo wá ń dúró dè?”

“Mo fẹ́ kí ojú tì í.”

Wọ́n wo yàrá àwọn olùkọ́. Ọkọ ọmọ Mọ́mì ti jáde síta, ó dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

“Ojú wá tì í bí?” ni wọ́n wí.

Ọ̀kadà dé. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n gùn ún, wọ́n lọ. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, wọ́n ní ará ilé ẹni ní í bá. Àwọn tó ń pa òwe náà rò pé ẹni tó sọ òkò kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo rí wọn lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n dá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ padà fún mi. Kúẹ́rì kò padà. Ọkọ ọmọ Mọ́mì ní ìwé tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde mọ́, pé Bàbá ṣì jẹ̀bi pé wọn kò sọ̀rọ̀. Mo lè lọ bá Mọ́mì kí n sọ pé èmi ló yẹ kí wọ́n kọ ìwé yẹn sí. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sí àlejò kankan.

Kó tó di pé sáà náà parí, Bàbá bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ nìkan. Wọ́n kó lọ sí ilé bàbá wọn níbẹ̀, ìyàwó wọn sì ń lọ ń bọ̀. Ọjọ́rú ni èmi máa ń wà ní Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ tí a pàdé, mo kúnlẹ̀ kí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí,” ni wọ́n wí. “Ẹ kú ọ̀nà. Ṣé ẹ rí ọkọ̀ wọ̀ dáadáa?”

Mo gbójú sókè. Mo rò pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn mi. Láti ọdún mẹ́rin tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ wọn ni mo jẹ́, mo sì kéré sí àbígbẹ̀yìn wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni mo wí, “ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ má bínú,” ni wọ́n wí. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe máa ń bá àjèjì tó ní ipò sọ̀rọ̀.

Ọkọ ọmọ Mọ́mì ṣì wà níbẹ̀. Ó ti rí nǹkan mìíràn, ó fẹ́ kí a máa fi ìka tẹ ẹ̀rọ kan lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń fi kọ̀ǹpútà fàdákà wo àwòrán ẹfọ̀n tó ń kọrin, iṣẹ́ tó sì yẹ wọ́n nìyẹn. Nígbà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, á ní, “Àǹtí, ẹ ṣì wà láyé àtijọ́ yẹn?” Mo máa ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” N kò kà á sí èèyàn gidi kan, n kò sì ní kà á sí i láéláé. Àmọ́ n kì í bá olùkọ́ kẹ́mísìrì fi í ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wá nǹkan ṣe.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo dé Ẹ̀pẹ́, mo gbọ́ ohùn Bàbá ní kíláàsì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn, àwọn ọmọ ń dá wọn lóhùn. Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, níbi tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn ọmọ, mo sì gba ibẹ̀ wọlé.